Ìperí fún Ìjánu Ọkọ̀: Sílíńdà Àgbà àti Aranpálọ́wọ́ nínú Golf Àtijọ́

1. Ìfáàrà

"Bíréèkì rẹ̀ le" jẹ́ gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì àti àwọn awakọ̀ Yorùbá. Ìtumọ̀ méjì tí ó tako ara wọn ni gbólóhùn yìí ní. Èkíní ni pé, bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, pẹ́dà náà kò rì wọlẹ̀. Ó dúró gírígírí lábẹ́ ẹsẹ̀, ọkọ̀ sì dúró. Èkejì ni pé pẹ́dà náà kọ̀ jálẹ̀. Awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí itan rẹ̀ fi ń gbọ̀n, síbẹ̀ ọkọ̀ kò tètè dúró. Ìyìn ni ti èkíní, àìsàn ni ti èkejì. Awakọ̀ tí ó gbọ́ èkíní nígbà tí èkejì ni mẹkáníìkì ń sọ lè tún gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde sí ojú ọ̀nà.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìperí kalẹ̀ fún ẹ̀yà ìjánu méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, ó sì fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà ni fífi ẹ̀yà tí ó tóbi jù rọ́pò àwọn ẹ̀yà méjèèjì lára Golf ìran kìíní, tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde ní ọdún 1974. Ọkọ̀ kékeré ni ọkọ̀ yìí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ àti gíláàsì ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀kan náà, òkè ni ó sì ń ṣí sí. Ìran kejì gba ipò rẹ̀ ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ní Gúúsù Áfíríkà wọ́n ń ṣe ìran kìíní lọ títí di ọdún 2009, lábẹ́ orúkọ Citi Golf. Àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí ṣì ń tún un ṣe, ìjánu sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn.

Kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí sílíńdà àgbà ń ṣe yàtọ̀ sí èyí tí aranpálọ́wọ́ ń ṣe. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ipá, ìfúnpá àti ìrìn yóò máa fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́, yóò sì rò pé òun ń tún ọkọ̀ ṣe.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀

2.1 Ìjánu. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu ti wọ inú ọkọ̀. Ohun tí ẹlẹ́ṣin fi ń dá ẹṣin dúró ni ìjánu. Ẹni tí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu ni ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn awakọ̀ bá sọ pé "bíréèkì já", ìjánu ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà rántí, nítorí okùn ni ó ń já. Kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìjánu ni yóò dúró fún gbogbo ètò náà, bíréèkì yóò sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìsọ̀ mẹkáníìkì.

2.2 Ipá. Ohun tí ó ń ti nǹkan tàbí tí ó ń fà á ni ipá. Níútìnì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ní ipá. Ọ̀pá irin tí pẹ́dà ń tì náà ní ipá.

2.3 Ìfúnpá. Bí ipá bá dé orí ojú kan, tí a sì pín ipá náà sí fífẹ̀ ojú yẹn, ohun tí ó jáde ni ìfúnpá. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ìlera ń lò fún ẹ̀jẹ̀, ohun kan náà ni ó sì dúró fún níbi méjèèjì: ohun olómi tí a há mọ́ inú ihò. Báà ni ìwọ̀n tí àpilẹ̀kọ yìí lò fún un. Báà kan súnmọ́ ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká.

2.4 Ìrìn. Bí pẹ́dà tàbí písítìnì ti jìnnà tó láti ibi tí ó ti gbéra dé ibi tí ó dúró sí ni ìrìn rẹ̀. Mìlímítà ni ìwọ̀n rẹ̀.

2.5 Oje ìjánu. Àwọn kan ń pe ohun olómi inú ìjánu ní "epo bíréèkì", àwọn mìíràn sì ń pè é ní "omi bíréèkì". Orúkọ méjèèjì ló léwu. Ẹni tí ó gbọ́ epo lè da epo ẹ́ńjìnnì sí i. Epo náà yóò wú àwọn rọ́bà inú sílíńdà, wọn yóò sì bàjẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ omi lè bu omi sí i; omi yóò dípẹtà sára irin, yóò sì hó nígbà tí ìjánu bá gbóná. Oje ìjánu ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, nítorí pé oje kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe omi. Oje tí a ń pè ní DOT 4 kò gbọdọ̀ hó, nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ tuntun, kí ooru rẹ̀ tó dé 230 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n oje yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó bá ti fa omi dé ìwọ̀n tí òfin fi ń dán an wò, 155 ni ìwọ̀n tí ó kéré jù tí a gbà fún un. Ìdí nìyí tí oje tí ó ti pẹ́ fi yẹ ní dídànù.

3. Sílíńdà àgbà

Ihò gbọọrọ tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀ ni sílíńdà. Lẹ́bàá táyà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni sílíńdà kan wà; níbi tí dísìkì bá wà, òun ni ó ń ti páàdì mọ́ ọn. Gbogbo wọn ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà ní iwájú pẹ́dà. Èyí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní sílíńdà àgbà, nítorí pé bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ ni àwọn yòókù ń ṣe. Òfin tí ó so wọ́n pọ̀ ni èyí tí a fi orúkọ Blaise Pascal (1623–1662), ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè: ìfúnpá tí ó bá dé orí ohun olómi tí a há mọ́ máa ń tàn dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ ní ọgbọọgba.

Sílíńdà àgbà inú Golf ní písítìnì méjì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀nà oje méjì ni wọ́n ń bọ́. Ọ̀nà kan so táyà iwájú ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn òsì; ọ̀nà kejì so iwájú òsì pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá jò gbẹ, èkejì yóò ṣì lè dá ọkọ̀ dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn kí ó tó dúró yóò gùn sí i.

Ìdábùú sílíńdà àgbà ni ohun pàtàkì. Bí àpẹẹrẹ, bí ipá orí ọ̀pá bá jẹ́ 2,000 níútìnì, tí ìdábùú sílíńdà sì jẹ́ mìlímítà 20.6, fífẹ̀ ojú písítìnì yóò tó mìlímítà onígun mẹ́rin 333, ìfúnpá yóò sì súnmọ́ 60 báà. Bí wọ́n bá fi sílíńdà onímìlímítà 22.2 rọ́pò rẹ̀, fífẹ̀ ojú yóò di 387, ṣùgbọ́n ìfúnpá yóò rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 52 báà. Ipá kò yí padà, sílíńdà sì tóbi sí i, síbẹ̀ ìfúnpá dínkù.

Èrè rẹ̀ wà nínú ìrìn. Láti ti mìlímítà onígun mẹ́fà 4,000 ti oje jáde, písítìnì kékeré yóò rin mìlímítà 12. Písítìnì ńlá yóò rin díẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ. Bí ìrìn pẹ́dà bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìrìn písítìnì, ìyàtọ̀ náà yóò súnmọ́ mìlímítà 7 lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ìyẹn ni pé sílíńdà àgbà tí ó tóbi máa ń mú kí pẹ́dà le, ṣùgbọ́n kì í mú kí ìjánu lágbára. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà "le" ti ń tan ènìyàn jẹ.

4. Aranpálọ́wọ́

Láàárín pẹ́dà àti sílíńdà àgbà ni agolo pẹlẹbẹ ńlá kan wà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búsítà tàbí sáfò. Rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan pín inú rẹ̀ sí yàrá méjì. Ẹ́ńjìnnì máa ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àwọn yàrá náà, tí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfìfo. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan pẹ́dà, fáàfù kan yóò ṣí, afẹ́fẹ́ ìta yóò sì wọ yàrá tí ó wà níhà pẹ́dà. Afẹ́fẹ́ níhìn-ín, òfìfo lọ́hùn-ún: afẹ́fẹ́ yóò ti rọ́bà síwájú, rọ́bà yóò sì bá ẹsẹ̀ ti ọ̀pá.

Orúkọ tí ó bá a mu ni aranpálọ́wọ́. Bí aranilọ́wọ́ ti jẹ́ ẹni tí ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni aranpálọ́wọ́ jẹ́ ohun tí ó ń ran ipá lọ́wọ́. Orúkọ yìí sọ òtítọ́ méjì. Èkíní, ipá ni ó ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe ìrìn. Kò lè wo pẹ́dà tí ó ń rì sàn. Èkejì, olùrànlọ́wọ́ kì í ṣe onínǹkan. Bí ó bá kọ̀ láti wá, ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò ṣe é pẹ̀lú làálàá.

Fífẹ̀ agolo ni ó ń pinnu ibi tí ìrànlọ́wọ́ yóò dé. Bí ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín yàrá méjèèjì bá jẹ́ 0.7 báà, agolo oníǹṣì 7 lè fi nǹkan bí 1,700 níútìnì kún ipá ẹsẹ̀, agolo oníǹṣì 9 sì lè fi nǹkan bí 2,900 kún un. Ìṣirò yìí kò yọ ipá sípíríǹgì inú agolo kúrò, ṣùgbọ́n ìpín méjèèjì sí ara wọn hàn kedere.

Ó yẹ kí a ya ìperí méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ìwọ̀n ìrànlọ́wọ́ ni iye ìgbà tí aranpálọ́wọ́ ń sọ ipá ẹsẹ̀ di púpọ̀. Rọ́bà kékeré kan tí ó wà lẹ́nu ọ̀pá inú rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń pinnu èyí. Òpin ìrànlọ́wọ́ ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti ti gbogbo ohun tí ó lè tì, tí ó ku ẹsẹ̀ nìkan. Agolo ńlá ń gbé òpin sókè. Kò di dandan kí ó yí ìwọ̀n padà. Ẹni tí ó bá ra agolo ńlá nítorí pé ó fẹ́ kí pẹ́dà rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ lè má rí ohun tí ó ń wá.

5. Ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ méjèèjì papọ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe sílíńdà àgbà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní Golf àtijọ́ á kọ́kọ́ fi dísìkì ńlá àti kalípà ńlá síwájú ọkọ̀, láti ara ìran kejì. Bí písítìnì kalípà bá ti mìlímítà 48 di 54, fífẹ̀ ojú rẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan pọ̀ sí i. Ó ń fẹ́ oje púpọ̀ sí i kí páàdì tó fọwọ́ kan dísìkì, nítorí náà pẹ́dà yóò rìn jìnnà. Láti dín ìrìn náà kù, onítọ̀hún á fi sílíńdà àgbà onímìlímítà 22.2 sí i. Nígbà náà ni ìfúnpá yóò dínkù fún ipá kan náà. Láti dá ìfúnpá padà sí 60 báà, ipá orí ọ̀pá ní láti kúrò ní 2,000 kí ó di nǹkan bí 2,300 níútìnì. Níbí yìí ni aranpálọ́wọ́ ńlá ti wọlé.

Bí wọ́n ṣe so kọ́ra nìyí. Ẹni tí ó bá mú sílíńdà láìmú aranpálọ́wọ́ yóò ní pẹ́dà tí ó dúró gírígírí, tí ó sì ń béèrè ipá púpọ̀. Ẹni tí ó bá mú aranpálọ́wọ́ nìkan yóò ní ipá púpọ̀ lórí pẹ́dà tí ó ń rìn jìnnà.

Síbẹ̀, òkè gbogbo wọn ni táyà wà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, tí ìdìmú táyà mọ́ ọ̀dà sì jẹ́ 0.7, ọkọ̀ náà yóò rin nǹkan bí mítà 36 láti ìgbà tí ìjánu ti mú ṣinṣin kí ó tó dúró. Bí ìjánu àtijọ́ bá ti lè mú táyà dé ibi tí ó fẹ́ yọ̀, aranpálọ́wọ́ ńlá kò ní dín mítà 36 náà kù. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó dín làálàá ẹsẹ̀ kù. Bí ipá tí ó dé táyà ẹ̀yìn bá sì pọ̀ jù, àwọn ni yóò kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ yóò sì yí bírí. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ní fáàfù tí ń dín ìfúnpá ẹ̀yìn kù, kò gbọdọ̀ sọnù nígbà ìpààrọ̀.

6. Ọ̀ràn síárìn apá ọ̀tún

Apá òsì ni síárìn wà nígbà tí wọ́n ya àwòrán Golf. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba apá òsì ọ̀nà, síárìn àti pẹ́dà sún sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n aranpálọ́wọ́ àti sílíńdà àgbà dúró sí òsì níbi tí wọ́n wà. Ọ̀pá àdábùú kan ni ó ń gbé iṣẹ́ pẹ́dà láti ọ̀tún lọ sí òsì. Bí oríkèé ọ̀pá yìí bá ti jẹ, tàbí tí irin tí ó gbé e ró bá ń tẹ̀, apá kan ìrìn pẹ́dà yóò ṣòfò kí ó tó dé sílíńdà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá sílíńdà lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pá yìí. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ọ̀pá náà wò, kí wọ́n sì tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀yà tuntun.

Ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Nítorí náà, Golf tí a ṣe fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀pá àdábùú. Pẹ́dà ń ti aranpálọ́wọ́ ní tààrà.

7. Ìlànà iṣẹ́

(i) Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ páàdì, dísìkì, ọ̀pá oje àti rọ́ọ̀bù rọ́bà wò. Ẹ̀yà ńlá tí a so mọ́ rọ́ọ̀bù tí ó ti sán kò ṣe ànfààní.

(ii) Kí ó wọn àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀pá aranpálọ́wọ́ àti písítìnì sílíńdà àgbà, kí ó sì fi í wé ohun tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀yà náà là sílẹ̀. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, ìrìn pẹ́dà yóò ṣòfò. Bí kò bá sí rárá, písítìnì kò ní padà dé ìdí. Ihò tí oje ń gbà padà yóò wà ní dídí, páàdì yóò máa fi ara nu dísìkì, wọn yóò sì gbóná títí ìjánu yóò fi mú ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀.

(iii) Kí ó yẹ rọ́ọ̀bù òfìfo wò, pẹ̀lú fáàfù alọ-má-bọ̀ tí ó wà lára rẹ̀. Fáàfù yìí ni ó ń tọ́jú òfìfo pamọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti yí kámúṣáàfù rẹ̀ padà fún eré sísá lè má fa afẹ́fẹ́ tó nígbà tí ó bá rọra ń ṣiṣẹ́. Aranpálọ́wọ́ ńlá kò sì lè fi òfìfo tí kò sí ṣiṣẹ́.

(iv) Kí ó lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú sílíńdà àgbà kí ó tó dè é mọ́ ọkọ̀, lẹ́yìn náà kí ó lé e kúrò lẹ́bàá táyà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oje tuntun láti inú agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

(v) Ìdánwò méjì ni kò gbọdọ̀ fò. Èkíní: kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tẹ pẹ́dà léraléra títí yóò fi kọ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ mú un mọ́lẹ̀, kí ó wá ṣí ẹ́ńjìnnì. Bí pẹ́dà bá rì díẹ̀, aranpálọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá mira, kò ṣiṣẹ́. Èkejì: kí ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ ṣinṣin fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń rọra rì lọ, oje ń jò, yálà síta tàbí gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà inú sílíńdà àgbà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ní ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó tó bọ́ sí títì.

8. Orúkọ fún ipò pẹ́dà

Bí àlàyé òkè yìí bá yé ènìyàn, yóò rí i pé "le" àti "rọ̀" kò tó. Ìperí mẹ́rin ni àpilẹ̀kọ yìí gbé síwájú:

Pẹ́dà adúróṣinṣin: ó rin díẹ̀, ó dúró, ọkọ̀ sì dúró. Àlàáfíà ni.
Pẹ́dà olóríkunkun: ó ń béèrè ipá púpọ̀. Kí a wo aranpálọ́wọ́, rọ́ọ̀bù òfìfo àti fáàfù alọ-má-bọ̀.
Pẹ́dà kànrìnkàn: ó ń rọ̀, ó sì ń tì padà bíi kànrìnkàn. Afẹ́fẹ́ tàbí oru wà nínú oje, tàbí rọ́ọ̀bù ń wú.
Pẹ́dà arìlọ: ó ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò kúrò níbẹ̀. Kí a wá ibi tí oje ń jò, kí a sì yẹ rọ́bà sílíńdà àgbà wò.

9. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ tí ó wà nínú pípààrọ̀ ẹ̀yà ìjánu Golf kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan. Sílíńdà àgbà ń fi ìfúnpá ra ìrìn. Aranpálọ́wọ́ ń fi afẹ́fẹ́ kún ipá. Táyà ni ó sì ń sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ mọ. Mẹkáníìkì tí ó ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò mọ ohun tí yóò rà àti ohun tí kò ní rà. Awakọ̀ tí ó lè sọ pé "pẹ́dà mi di olóríkunkun láti àná" ti sọ ìdajì àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó sọ pé "bíréèkì mi le" kò tíì sọ ohun kan. Àwọn Yorùbá sọ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Nínú ọ̀ràn yìí, orúkọ tí ó tọ́ ni ìjánu fún ìjánu fúnra rẹ̀.